Bí ẹ ṣe lè se ọbẹ̀ ilá Ìyá Abby Fisher, bó ṣe sọ ọ́ ní 1881

Ohun márùn-ún péré ló wà nínú ọbẹ̀ yìí: ojúgun màlúù, omi, ilá, iyọ̀ àti ata. Kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀, kò sí tòmátì, kò sí epo pupa, kò sí irú, kò sí edé. Mágí ńkọ́? Ẹni tó ni ọbẹ̀ yìí ò mọ Mágí rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń fẹjú mọ́ mi. Ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ se é bí ẹni tó ni ín ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ dà sí i.

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe ní Houston, ní Texas. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àgbà, gbogbo rẹ̀ ni mo ń dáná fún. Tó bá di oṣù Èrèlé, tí wọ́n fi ń ṣèrántí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ a máa pè mí pé kí n wá se "oúnjẹ àwọn dúdú Amẹ́ríkà". Tí mo bá bi wọ́n pé ta ló se é rí, orúkọ kan kì í jáde lẹ́nu wọn. Àwa Yorùbá tó wà níbí ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Nílé, a mọ ìyá alákàrà tó wà ní ìkòríta, a mọ ìyá tirẹ̀ tó ta á kó tó kàn án. Níbí, a ń ṣe bí ẹni pé oúnjẹ kàn hù nínú ilẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọbẹ̀ tó ní orúkọ ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Abby Fisher ni orúkọ náà. South Carolina ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1831, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ènìyàn dúdú ṣe ẹrú níbẹ̀. Ó gbé ní Mobile, ní Alabama, létí òkun. Nígbà tí àwọn ọdún 1870 ń lọ sópin, òun àti Alexander ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn, wọ́n la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já, ó di San Francisco. Ibẹ̀ ló ti ń dáná fún àwọn olówó, tó sì ń ta ẹ̀fọ́ àti èso tí a rẹ sínú ọtí kíkan. Ní 1879, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ ìpínlẹ̀ California ní Sacramento. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì ẹ̀yẹ méjì níbi ìpàtẹ Mechanics' Institute ní San Francisco, ọ̀kan fún àwọn nǹkan inú ọtí kíkan yìí àti sọ́ọ̀sì, èkejì fún jáàmù.

Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ọkọ rẹ̀ náà ò kàwé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀ ní iwájú ìwé rẹ̀, kò fi bò. Àwọn obìnrin San Francisco àti Oakland tó ń dáná fún ni wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó ṣe ìwé. Òun ń sọ ọ́, wọ́n ń kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀, Women's Co-operative Printing Office, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1881, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní What Mrs. Fisher Knows About Old Southern Cooking. Oúnjẹ bí 160 ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ó ti lé ní ọdún 35 tí òun ti ń dáná, ó sì ní òun sọ ọ́ lọ́nà tí ọmọdé á fi yé. Níbi tó ti ń sọ bí a ṣe ń se oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ìyẹ̀fun tí a dì sínú aṣọ tí a sì bọ̀ fún wákàtí méjì, ló ti dá a sílẹ̀ pé ọmọ mọ́kànlá lòun bí, òun sì tọ́ gbogbo wọn, oúnjẹ yìí lòun fi wò wọ́n. Ẹni tó bí mọ́kànlá ní ayé ìgbà yẹn tó sì tọ́ wọn, tó bá ní báyìí ni wọ́n ń ṣe nǹkan, èmi á gbà.

Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ní 1984 ni ẹ̀dà kan jáde níbi gbàǹjo ní New York, ilé ìkàwé Schlesinger ti Radcliffe sì rà á. Wọ́n tún un tẹ̀ ní 1995. Lónìí, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ kà á. Kìkì pé kí ẹ fi etí kà á, ẹ má fi ojú nìkan kà á, nítorí àwọn tó ń kọ ọ́ kọ ohun tí etí wọn gbọ́ láti ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Jumberlie", jambalaya ni, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹran àti tòmátì. Bí ẹ bá rí "Circuit Hash", succotash ni, àgbàdo àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọbẹ̀ ilá yìí, tó pè ní gumbo (orúkọ ọbẹ̀ kíki àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà), kò gùn. Òun nìyí:

Ẹ wá ojúgun màlúù, kí wọ́n fọ́ ọ, kí ẹ gbé e kaná nínú omi gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ kó hó títí yóò fi ku ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dá a padà sórí iná. Ẹ gé ilá wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ má fi orí tàbí ìdí ilá sí i. Ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i bó ṣe ń jinná. Ẹ máa ro ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà jó. Ìrẹsì tó gbẹ ni kí ẹ gbé e dé orí tábìlì pẹ̀lú. Ẹ má ṣe ro ìrẹsì nígbà tó bá ń hó láé. Ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ìrẹsì kaná ni kí ẹ ti fi iyọ̀ sí i, kí omi orí rẹ̀ má sì pọ̀ jù.

Ó tán. Kò sọ ìwọ̀n ilá, kò sọ irú ata, kò sọ wákàtí. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni ẹ sì máa fi wá a. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojúgun

Ojúgun ni mo wí o, n ò wí bọ́kọ́tọ̀. Bí ẹ bá fi bọ́kọ́tọ̀ se é, omi rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ètè, ilá á sì tún wá yọ̀ lé e lórí. Òkè bọ́kọ́tọ̀ ni ojúgun wà. Ó ní ẹran gidi lára, mùdùnmúdùn sì wà nínú egungun rẹ̀. Ní ilé ìtajà Amẹ́ríkà, "beef shank" ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ní ọjà ẹran àwọn ará Mẹ́síkò, ibi tí èmi ti ń rà á, chambarete ni kí ẹ bi wọ́n. Wọ́n ti fi ayùn gé e kọjá egungun, ẹ sì máa rí mùdùnmúdùn náà láàárín. Tó bá jẹ́ nílé ni ẹ wà, ẹ ní kí alápatà fi àáké là á. Ohun tí Ìyá Fisher ní lọ́kàn tó fi ní kí wọ́n fọ́ ọ nìyẹn: egungun tó bá wà ní odindi, inú rẹ̀ ni adùn rẹ̀ máa jókòó sí. Pọ́ùn mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún ìkòkò yìí.

Kí ẹ tó fi ẹran sí ìkòkò, ẹ ṣe ohun kan. Ẹ bu ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù omi sínú ìkòkò tó ṣófo, ẹ ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́ ní ìdúró, ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi tí omi dé lára igi náà. Ẹ wá da ààbọ̀ yòókù sí i. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kò tó lítà mẹ́rin, 3.8 ni; ike mílíìkì ńlá kan gẹ́lẹ́ ni. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ ò nílò pé kí ẹ máa méfò. Ẹ ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́, ẹ wo ilà yín, kí ẹ rántí pé ẹran náà ń gbé omi sókè díẹ̀; bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ kó ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Omi tútù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti hó, ìfófòó eléérú kan á jáde sókè. Ẹ máa fi ìgbakọ kó o dànù títí tí kò fi ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù kó máa hó jẹ́jẹ́, ẹ má dé e. Nínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò tèmi, ó máa ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀. Ìkòkò tó jìn tí ẹnu rẹ̀ há á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Ẹ wo bí Ìyá Fisher ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀: ìgbà tí ilá wọ inú rẹ̀ ni iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Omi tó máa gbẹ dé ìdajì, iyọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní bá omi lọ, á kàn le sí i ni. Mo ti bá àwọn tó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ oúnjẹ ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní èyí.

Tó bá ti dé ojú ilà, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ìyá Fisher kò sọ ohun tó fẹ́ kí a fi ẹran ṣe lẹ́yìn náà, nínú ọbẹ̀ rẹ̀, omi nìkan ló padà sórí iná. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tó máa ju ẹran ojúgun nù lójú mi. Èmi máa ń ya á kúrò lára egungun, tí mo fi iyọ̀ díẹ̀ àti ata gígún sí i, tí mo gbé e sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ á bù ú lé ọbẹ̀ rẹ̀ lórí. Mùdùnmúdùn ni ti ẹni tó dáná, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín jiyàn.

Ilá

Ilá tó ti kó ò ṣe é lò. Ẹ tẹ ṣóńṣó rẹ̀: bó bá dá pẹ́, ẹ rà á; bó bá ń tẹ̀ láìdá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbin èso rẹ̀. Pọ́ùn kan ààbọ̀ ni mo máa ń lò fún ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù omi ẹran. Ilá inú fìrísà náà dára, pàápàá ní ìgbà òtútù, ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ́ kí ẹ tó dà á sí i.

Ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò. Ẹ gé ìyókù ní róbótó-róbótó tó tín-ín-rín. Ẹ má rin ín, ẹ má gún un, ẹ má rẹ́ ẹ kúnná bí a ṣe ń rẹ́ ẹ fún ẹ̀bà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi káún sí i. Ilá tiwa, a fẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀, kó fà, kó tètè kúrò lórí iná kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣá. Ọbẹ̀ yìí kì í ṣe irú ẹ̀. Ẹ tún padà wo ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó ní kí a máa ro ó kí ó má baà jó. Omi ẹran tó ṣàn kì í jó. Ọbẹ̀ tó bá lè jó, ó ti ki. Nítorí náà, ó fẹ́ kí ilá pẹ́ lórí iná títí yóò fi tú sínú omi, tí yíyọ̀ rẹ̀ á fi di kíki. Ó máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iná tí kò le, nígbà mìíràn ó lé díẹ̀. Àwọ̀ ewé tútù rẹ̀ á lọ, á dà bí ẹ̀fọ́ tó ti sùn. Ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìkòkò irin dúdú máa ń sọ ilá di dúdú. Kò pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kò wu ojú. Ìkòkò tánńganran tàbí èyí tí kì í dípẹtà ló dára.

Ìgbà tí ilá bá wọlé ni iyọ̀ àti ata wọlé. Black pepper ni èmi máa ń lò, ṣíbí kékeré kan. Ẹni tó bá fẹ́ ata pupa gígún lè fi ìwọ̀nba sí i. Ẹ tọ́ ọ wò nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìrẹsì

A mọ ìrẹsì sè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ràn àtibọ̀ ọ́, ká da omi rẹ̀ nù, ká tún gbé e kaná, ká sì tún ro ó kó lè rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Fisher sọ lórí ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó sọ lórí ilá fúnra rẹ̀, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. South Carolina tí wọ́n ti bí i, oko ìrẹsì ló sọ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ di ọlọ́rọ̀, àwọn ẹrú ló sì gbin ìrẹsì náà. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni odó, ọwọ́ wọn ni atẹ tí a fi ń fẹ́ ẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tó mú ọgbọ́n ìrẹsì wá wá láti apá Senegal, Gambia àti Sierra Leone. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ká má gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Ìrẹsì tó dá wà ní hóró-hóró, tí ọ̀kan kò lẹ̀ mọ́ èkejì, ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ alásè ní agbègbè náà.

Ìrẹsì funfun oníhóró gígùn ni kí ẹ rà, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti bọ̀ ní ilé-iṣẹ́. Ẹ fọ ife méjì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Omi ife mẹ́ta, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, gbogbo rẹ̀ lọ sórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ dé e, ẹ kúrò nídìí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 17. Ẹ pa iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ọmọrogùn kò gbọ́dọ̀ kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fọ́ọ̀kì ni ẹ máa fi tú u.

Ẹ bu ọbẹ̀ sínú abọ́ jíjìn, kí ẹ bu ìrẹsì díẹ̀ sí i láàárín. Ọbẹ̀ ló pọ̀, ìrẹsì ló kéré. Tí ẹ bá bu ìrẹsì bí òkè kí ẹ tó ta ọbẹ̀ sí i lórí, ohun tí ẹ ń jẹ ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì, kí ẹ gbé e síwájú ìkòkò: "Okra gumbo. Abby Fisher, Mobile àti San Francisco, 1881." Níbi tí mo bá ti gbé káàdì yìí sílẹ̀, àwọn àgbàlagbà obìnrin dúdú Amẹ́ríkà máa ń dúró nídìí tábìlì mi, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí ìyá ìyá wọn ṣe ń se ilá tiwọn. Ẹ fún wọn láyè. Ohun tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Ẹnì kan lára àwọn àlejò yín á sì sọ pé èyí kì í ṣe gumbo, pé níbo ni ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú òróró wà, níbo ni sọ́séèjì wà. New Orleans ló ń sọ, ẹ má bá a jà. New Orleans ní àwọn ìyá tirẹ̀. Lena Richard, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìdáná sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1937, tó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé ìdáná rẹ̀ ní 1939, ń ṣe ètò oúnjẹ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n WDSU ní 1949, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí ènìyàn dúdú jókòó jẹun ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìlú náà. Leah Chase, tó kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 96, máa ń se gumbo ẹlẹ́fọ̀ọ́ oríṣiríṣi ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ní Dooky Chase's, ilé oúnjẹ rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú ti ń jókòó ṣèpàdé lórí òkè, tó sì ń bọ́ wọn. Gumbo ni gbogbo wọn, ti Ìyá Fisher kàn ṣe ṣákálá ni. Bí ẹlòmíràn náà bá wá ní ilá alásèpọ̀ wa ni, ẹ sọ fún un pé ilá ti Áfíríkà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló ń jẹ ilá kí ọkọ̀ òkun tó dé.

Bí Jumberlie bá wù yín

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Adìyẹ kan tí a gé ní oríkèé-oríkèé, ìrẹsì pint kan (ife méjì) tí a ti fọ̀, tòmátì ńlá bíi mẹ́fà tí a bó èèpo rẹ̀ lẹ́yìn tí a da omi gbígbóná lé e, ègé ńlá méjì ẹran itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti ata tó pọ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ìkòkò pọ̀. Ìyá Fisher ní ìṣẹ́jú 25 ló máa fi jinná, ó sì kádìí rẹ̀ pé kí a má fi omi kankan sí i.

Omi tòmátì àti omi ara adìyẹ ló ń bọ́ ìrẹsì. Adìyẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọdé, ti àgbébọ̀ máa dójú tì yín. Tòmátì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lómi nínú, kì í ṣe àwọn olórí ṣónṣó tí a ń rà fún ọbẹ̀ ata. Ẹ to tòmátì sísàlẹ̀, ẹ dé ìkòkò pinpin, iná kékeré. Bí hóró ìrẹsì bá ṣì le lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, ẹ tún dé e padà, ẹ má sáré wá omi. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó lo tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà jọ̀lọ́ọ̀fù nídìí ìkòkò yìí.

Ọtí blackberry tó gba ìwé ẹ̀yẹ

Nínú ìwé náà, lábẹ́ ọtí yìí ni Ìyá Fisher ti sọ pé ó gba ìwé ẹ̀yẹ ní ìpàtẹ ìpínlẹ̀ ti 1879. Kò fi ọwọ́ kékeré mú un: gálọ́ọ̀nù márùn-ún blackberry (èso kékeré dúdú kan), gálọ́ọ̀nù kan brándì tó dára jù, ṣúgà pọ́ùn mẹ́wàá sínú omi kọ́tà kan (ìdá mẹ́rin gálọ́ọ̀nù). Mo ti pín in sí ogún fún yín, kí ẹ má baà ra àgbá.

Ife mẹ́rin blackberry. Brándì tó fi díẹ̀ dín sí ife kan, nǹkan bíi mílílítà 190. Ṣúgà ààbọ̀ pọ́ùn. Omi ṣíbí ńlá mẹ́ta.

Ẹ da blackberry àti brándì sínú ìkòkò tánńganran, kí ẹ gbé e kaná kékeré. Bó bá ti fẹ́ hó báyìí, tí ẹ rí i pé ó ń ṣe bùkù-bùkù létí ìkòkò, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé. Bó bá jẹ́ gáàsì ni ẹ ń lò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí oru brándì máa ń gbiná. Ẹ da ṣúgà àti omi sínú ìkòkò mìíràn. Omi náà á dà bí ẹni pé kò tó, ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá ti ń yọ́, á tó. Ẹ máa kó ìfófòó orí rẹ̀ dànù, kí ẹ jẹ́ kó hó títí yóò fi ki bí oyin. Ẹ dà á lé blackberry lórí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó mọ́, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ní Texas níbí, ohun mímu pupa ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún 19 oṣù Òkúdù, ọjọ́ tí wọ́n ka àṣẹ òmìnira àwọn ẹrú sétí ìgbọ́ wọn ní Galveston ní 1865. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọtí yìí bá ọjọ́ náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ dé e sínú ìgò ní 24 oṣù Igbe, ó pẹ́ tán. Blackberry inú fìrísà tó fún un.

Lọ́jọ́ tó bá pé, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ìgò. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún. Adùn rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ, ẹni tó máa wakọ̀ kó dúró sídìí omi. Ẹ lẹ orúkọ Ìyá Fisher mọ́ ìgò náà lára pẹ̀lú ọdún 1879. Àwọn èso tó kù nínú aṣọ, ẹ má dà wọ́n nù: wọ́n dùn lórí áísìkirímù, ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn sókè níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò ní tó.